Kí Ló Dé Tí Japan Kò Fi Gbógun Wọ Amẹ́ríkà, Tí Amẹ́ríkà Náà Kò Sì Wọ Japan?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì ló ń rú mi lójú. Japan lọ da bọ́ǹbù bo Pearl Harbor, èbúté ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, lọ́dún 1941, Amẹ́ríkà sì fi bí ọdún mẹ́rin lé wọn padà sílé. Síbẹ̀, Japan kò kó ọmọ ogun lọ sí California, Amẹ́ríkà náà kò sì fi ogun wọ Tokyo títí ìjà fi parí. Àwọn kan ní torí pé gbogbo ará Amẹ́ríkà ló ní ìbọn nílé ni Japan ò ṣe lọ. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dá oníkálukú dúró?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ kọ́kọ́ gbà mí láyè kí n tún ohun kan ṣe nínú ìbéèrè yín. Àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ara wọn, àmọ́ etí ilẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, wọn kò dé àárín agbolé. Oṣù Kẹfà ọdún 1942 ni sójà Japan gba Attu àti Kiska, erékùṣù méjì tó wà ní ìpẹ̀kun Alaska, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni. Nígbà tó di ọdún 1945, Amẹ́ríkà gba Iwo Jima, erékùṣù kékeré tó wà lábẹ́ àkóso Tokyo, ó sì gba Okinawa, erékùṣù Japan míì ní gúúsù. Ohun tí ojú wọn rí létí ilẹ̀ wọ̀nyẹn wà lára ìdáhùn tí ẹ ń wá, a ó sì dé ibẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìpinnu wọn kò jọra rárá. Japan kò fìgbà kankan ní in lọ́kàn pé òun máa gba Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ ti pinnu pé òun máa wọ Japan, ó ti yan etíkun, ó ti dá ọjọ́. Ogun ló parí kí ọjọ́ náà tó pé.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Japan bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Epo ni. Láti oṣù Keje ọdún 1937 ni wọ́n ti ń bá Ṣáínà jà, ìjà náà kò sì lójú. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo tí wọ́n ń lò, ọwọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rà á. Nígbà tí wọ́n wá kó ọmọ ogun lọ sí gúúsù Indochina (ibi tí Vietnam wà lónìí) ní 1941, Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé owó wọn, ó sì dá epo dúró. Èyí tó wà nípamọ́ kò lè gbé wọn ju bí ọdún méjì lọ. Epo tó sún mọ́ wọn jù wà ní àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Indonesia lónìí, tó wà lọ́wọ́ ìjọba Netherlands nígbà náà. Rọ́bà wà ní Malaya, lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Philippines sì wà lẹ́bàá ọ̀nà, Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso rẹ̀.

Ìdí rèé tí wọ́n fi lọ lu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Pearl Harbor ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọdún 1941: kí àwọn ọkọ̀ yẹn má bàa lè ta pútú títí àwọn á fi gba gúúsù tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi erékùṣù ṣe ọgbà yí ara wọn ká, wọ́n á sì jẹ́ kí Amẹ́ríkà ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rọ̀ náà á fi sú u, tí yóò gbà láti jókòó sọ̀rọ̀. Olè tó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọlọ́dẹ kó lè ráyè kó ẹrù nílé kejì, kò ní in lọ́kàn láti wá máa gbé ilé ọlọ́dẹ.

Ká tiẹ̀ ní ó wù wọ́n. Láti Tokyo dé San Francisco lé ní kìlómítà 8,000, omi ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá agbébàálù mẹ́fà ló lọ sí Pearl Harbor, tí kò tiẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, epo ló sì fẹ́ẹ̀ ba ètò náà jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ agbépo ní láti bá wọn lọ, kí wọ́n máa rọ epo fún wọn lójú agbami. Wọ́n tún to dúrọ́ọ̀mù epo sínú àwọn ọkọ̀ ogun kan, níbi tí kò yẹ kí epo wà. Ẹ má sì gbàgbé pé ìrìn ẹni tó lọ ju bọ́ǹbù láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó sì ṣẹ́rí padà sílé lójú ẹsẹ̀, nìyẹn o. Ẹni tó bá lọ gba ilẹ̀ kì í padà. Yóò jẹun, yóò mumi, yóò yìnbọn, ọkọ̀ rẹ̀ yóò jó epo, àwọn tó fara gbọgbẹ́ yóò gba ìtọ́jú, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Gbogbo rẹ̀ ni ọkọ̀ òkun máa kó wá láti ilé.

Ibi ọkọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí Japan ní kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ. Ọkọ̀ yẹn náà ló ń kó ìrẹsì, èédú àti irin wọlé fún àwọn ará ilé. Òun náà ló ń gbé sójà káàkiri. Òun náà ló tún yẹ kó lọ gbé epo wá láti gúúsù. Ọkọ̀ tó bá kó sójà lọ sí California kò ní sí láti gbé epo wá sílé, epo tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jagun! Hitler náà bá irú ìṣòro yìí pàdé lọ́dún 1940. Kìlómítà 33 péré ni omi tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tó ti fún jù, síbẹ̀ kò rí i kọjá. Ó ń sún ọjọ́ síwájú títí ọ̀rọ̀ náà fi di àpatì.

Àwọn ọmọ ogun ńkọ́? Dífíṣọ̀n 51, ìyẹn ọ̀wọ́ ńlá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Japan ní ní ìparí ọdún 1941. Mọ́kànlá péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún gbogbo ogun gúúsù, ìyẹn Malaya, Philippines, Indonesia àti Burma pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù wà ní Ṣáínà tàbí ní Manchuria, ní àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ Rọ́ṣíà. Rọ́ṣíà ti nà wọ́n ní Nomonhan, lẹ́nu ààlà Manchuria àti Mongolia, lọ́dún 1939, wọn kò sì gbàgbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1942, nígbà tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé fún wọn, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi dábàá pé kí wọ́n lọ gba Ọsirélíà. Àwọn ọ̀gágun orí ilẹ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n ní yóò gba dífíṣọ̀n mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ọsirélíà yẹn, nǹkan bí mílíọ̀nù 7 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 130, irin tí wọ́n ń rọ lọ́dún kan sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ti Japan. Ẹni tí kò tó gèlètè kì í mí fìn-ìn, àwọn ọ̀gágun yẹn sì mọ ìwọ̀n ara wọn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìbọn tí ẹ gbọ́. Ohun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní Ọ̀gágun Yamamoto sọ, pé ẹnì kan ò lè gbógun wọ Amẹ́ríkà torí ìbọn wà lẹ́yìn gbogbo ewé koríko níbẹ̀. Yamamoto ló ṣètò ìkọlù Pearl Harbor, ó ti kàwé ní Harvard, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Washington, nítorí náà ó dùn ún gbọ́ létí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó fi hàn pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni.

Èyí tó kọ ní tòótọ́ lágbára jù ú lọ. Nínú lẹ́tà kan ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1941, ó ní tí ogun bá fi lè ṣẹlẹ̀ láàárín Japan àti Amẹ́ríkà, kò ní tó kí àwọn gba Guam àti Philippines, Hawaii àti San Francisco pàápàá kò ní tó. Àfi kí àwọn wọ Washington, kí àwọn sì buwọ́ lu ìwé àdéhùn nínú White House. Ó wá béèrè bóyá àwọn olóṣèlú tó ń fi ẹnu jagun lójú ara wọn ṣe tán láti fara da ohun tó máa ná wọn. Ìkìlọ̀ ni, ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣeé rìn. Nígbà tí lẹ́tà náà jáde síta lákòókò ogun, wọ́n gé ìbéèrè ìparí yẹn kúrò, àwọn ará Amẹ́ríkà sì kà á bí ẹni pé ọ̀gágun náà ń lérí pé òun ń bọ̀ ní White House. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń kà á bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi o, ìbọn inú ilé kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ wọ̀ kò tíì dé ibi tí yóò ti máa bẹ̀rù ìbọn ẹnikẹ́ni.

Ibi tó jìn jù tí wọ́n fojú sí ní pàtó ni Hawaii. Yamamoto rò pé bí òun bá gba Midway, erékùṣù kékeré Amẹ́ríkà kan lápá ìwọ̀ oòrùn Hawaii, tí òun sì rì àwọn ọkọ̀ agbébàálù tó kù fún Amẹ́ríkà, ọ̀nà Hawaii á là. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1942 ni wọ́n lọ. Mẹ́rin nínú ọkọ̀ agbébàálù mẹ́fà tó lọ sí Pearl Harbor ló rì sí Midway: Akagi, Kaga, Soryu àti Hiryu. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ Hawaii mọ́.

Ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò ju kí wọ́n máa ta á bí ẹ̀fọn lọ. Ọkọ̀ abẹ́ omi kan yìnbọn sí ibi ìwapo kan ní Ellwood, California, ní oṣù Kejì ọdún 1942. Òmíràn yìnbọn sí Fort Stevens ní Oregon. Ní oṣù Kẹsàn-án, awakọ̀ òfuurufú kan tó ń jẹ́ Nobuo Fujita gbéra láti orí ọkọ̀ abẹ́ omi pẹ̀lú bàálù kékeré kan, ó lọ ju bọ́ǹbù oníná sínú igbó nítòsí Brookings, ní Oregon yẹn náà. Ó fẹ́ kí igbó gbiná. Òjò ti rọ̀, iná náà kò ràn. (Ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará Brookings pè é wá ṣàlejò, ó sì kó idà àjogúnbá ìdílé rẹ̀ fún wọn.) Nígbà tí ogun fẹ́ parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàlúùnù bébà ránṣẹ́, tí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ òkè ló ń gbé e kọjá òkun pẹ̀lú bọ́ǹbù nídìí. Ó lé ní 9,000 tí wọ́n jù sókè. Obìnrin kan àti ọmọ márùn-ún tó lọ ṣeré jáde ní Oregon ni ọ̀kan nínú rẹ̀ pa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945. Àwọn nìkan ni bàlúùnù náà pa.

Attu àti Kiska tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ibẹ̀ kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà dé Washington. Òtútù, ẹrẹ̀ àti kùrukùru nìkan ló kún ibẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà lọ gba Attu padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1943, bàtà tí wọ́n kó fún àwọn sójà kò bá ilẹ̀ náà mu, òtútù nìkan sì dá èyí tó lé ní 1,000 dùbúlẹ̀. Àwọn 549 ló kú. Nínú àwọn ará Japan tó lé ní 2,300 tó wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n rí mú láàyè kò tó 30. Ó kan Kiska. Sójà Amẹ́ríkà àti Kánádà tó lé ní 30,000 ló ya bo erékùṣù náà ní oṣù Kẹjọ. Ajá díẹ̀ ni wọ́n bá. Àwọn ará Japan tó lé ní 5,000 ti bá kùrukùru lọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Síbẹ̀, àwọn èèyàn kú, torí àwọn tó wá náà ń yìnbọn fún ara wọn nínú kùrukùru, wọ́n sì ń tẹ bọ́ǹbù tí àwọn tó lọ dẹ sílẹ̀.

Ó wá kan Amẹ́ríkà. Àwọn kò ní ìṣòro ọkọ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1945, ọkọ̀ tí wọ́n ní lórí òkun Pàsífíìkì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni rí rí lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, Ààrẹ Truman pe àwọn ọ̀gágun rẹ̀ jọ sí White House, ó sì fọwọ́ sí apá kìíní ètò ìgbógunwọ̀lú tí wọ́n ń pè ní Downfall. Apá kìíní yìí, Olympic, ni láti gba gúúsù erékùṣù Kyushu ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 1945, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 760,000. Apá kejì, Coronet, máa gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó yí Tokyo ká ní oṣù Kẹta ọdún 1946. Orúkọ mọ́tò ni wọ́n sọ àwọn etíkun tí wọ́n fẹ́ gúnlẹ̀ sí ní Kyushu: Ford, Buick, Cadillac.

Truman fọwọ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ohun tó sọ nínú ìpàdé yẹn ni pé òun ń retí pé ọ̀nà kan máa wà tí gbogbo Japan, láti òpin kan dé èkejì, kò fi ní di Okinawa. Ẹ rántí pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí ogun Okinawa parí nígbà tó ń sọ ọ́. Ó lé ní 12,000 ará Amẹ́ríkà tó kú síbẹ̀, nǹkan bí 100,000 sójà Japan, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣáájú èyí ni Iwo Jima, òkúta lásán téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn já láàárín wákàtí díẹ̀. Nǹkan bí 7,000 ará Amẹ́ríkà ló kú lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Japan tó ń ṣọ́ ọ kò ju nǹkan bí 21,000 lọ. Ẹni tó bá fi èyí díwọ̀n Kyushu, orí rẹ̀ á fò lọ.

Kyushu fúnra rẹ̀ sì ń le sí i lójoojúmọ́. Nínú ìpàdé oṣù Kẹfà yẹn, Ọ̀gágun Marshall, olórí ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan bí 350,000 ọmọ ogun Japan ló máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ń ka ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ará Japan ń fi rédíò ránṣẹ́ síra wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí padà: dífíṣọ̀n tuntun kan dé, òmíràn tún dé. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, iye tí wọ́n ń kà ti sún mọ́ 600,000. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n tó mọ̀ pé iye gidi tún ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe pé ẹnì kan tú àṣírí ètò Amẹ́ríkà fún Japan. Wọ́n wo máàpù ni. Ibi tí etíkun ti tẹ́jú tó fún ọkọ̀ ńlá láti gúnlẹ̀ ní gúúsù Kyushu kò ju mẹ́ta lọ, ibi mẹ́ta yẹn náà ni Amẹ́ríkà sì yàn. Wọ́n tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù pamọ́ fún àwọn tó máa fi ara wọn kọlu ọkọ̀. Wọ́n ṣòfin tó fi àwọn ọkùnrin láti ọmọ ọdún 15 dé 60, àti àwọn obìnrin láti 17 dé 40, sínú ẹgbẹ́ ajagunta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀kọ̀ oparun ni wọ́n kó lé wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, Marshall kọ̀wé sí Ọ̀gágun MacArthur, tó ń darí ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Pàsífíìkì, ó béèrè bóyá kò yẹ kí wọ́n wá ibòmíràn gbà wọlé. MacArthur fèsì pé òun kò gba ìròyìn náà gbọ́, kí ètò máa lọ. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi kò rí i bẹ́ẹ̀. Nimitz, tó ń darí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Pàsífíìkì, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gágun King, ní ìkọ̀kọ̀ láti oṣù Karùn-ún pé òun kò fọwọ́ sí ìgbógunwọ̀lú náà mọ́. Lójú tiwọn, kí wọ́n sé òkun mọ́ Japan ló tọ́: àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti rì èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ akẹ́rù wọn, àwọn bàálù ńlá ajubọ́ǹbù B-29 sì ń gbin bọ́ǹbù sínú omi ní ẹnu èbúté wọn láti oṣù Kẹta. Ọkọ̀ tí Japan kò ní tó láti fi wọ Amẹ́ríkà lọ́dún 1942 ni kò ní tó láti fi gbé oúnjẹ wọlé lọ́dún 1945. Èmi gbà pé bí ogun bá tún gùn sí i, àríyànjiyàn ńlá ni ì bá bẹ́ sílẹ̀ ní Washington, Olympic sì lè má wáyé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ má rò pé ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fẹ́ yìí ṣàánú ẹnikẹ́ni o. Ebi ni wọ́n fẹ́ fi pa àwọn èèyàn.

Wọn kò dé ibi àríyànjiyàn yẹn. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ni bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sórí Hiroshima. Ọjọ́ 9, Rọ́ṣíà ya wọ Manchuria, bọ́ǹbù kejì sì bọ́ sórí Nagasaki. Ọjọ́ 15, ọba Hirohito sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé ó tó. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jà lórí èyí tó wúwo jù nínú bọ́ǹbù àti Rọ́ṣíà. Tèmi ni pé ẹ má yọ ọ̀kankan kúrò: Japan ti ń retí pé Rọ́ṣíà máa bá òun bẹ Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí alágbàwí di ọ̀tá ni ìrètí yẹn já, inú ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni bọ́ǹbù fi hàn pé Amẹ́ríkà lè pa ìlú rẹ́ láìgbé ẹsẹ̀ sétíkun.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, MacArthur sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní Atsugi, nítòsí Tokyo, kò sẹ́ni tó yìnbọn. Àmì-ẹ̀yẹ Purple Heart, tí Amẹ́ríkà máa ń fún sójà tó bá fara gbọgbẹ́, ṣẹ́ kù tó nǹkan bí 500,000 nígbà tí ogun parí, wọ́n sì ń mú nínú rẹ̀ fún àwọn tó ja ogun Korea àti Vietnam. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1945 yẹn kan náà, ìjì ńlá kan jà ní Okinawa, ọ̀kan nínú ibi tí ọkọ̀ Olympic ì bá ti kóra jọ. Ọkọ̀ 12 rì, ìjì sì gbé 222 jù sórí ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó pé ọjọ́ tí wọ́n ti dá.